Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: mọ́nítọ̀ ẹlẹ́yìn ńlá tó ń kú ní 1024×768

Mọ́nítọ̀ tó wà lórí tábìlì báyìí jẹ́ ínǹṣì 17, tòkunbọ̀, ẹlẹ́yìn ńlá, irú èyí tó kún inú káfé ní Yábàá àti Ṣómólú nígbà tí à ń ra àkókò íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí wákàtí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bàrígà ló ni ín. Ó ń to kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan pọ̀ nítorí géèmù DOS (ètò kọ̀ǹpútà tó ṣáájú Windows), Windows 98 sì wà lórí ẹ̀rọ kan náà. Géèmù DOS ń ṣí, àwòrán mọ́ gaara, ó kún ojú dé etí. Ṣùgbọ́n tó bá wọ Windows tó sì gbé e sí 1024×768 ní 85 Hz, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì á sún wọlé, dúdú á hàn níbi méjèèjì, láìpẹ́ gbogbo rẹ̀ á kú, iná kékeré iwájú á wá máa ṣẹ́jú.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní flyback ló lọ," ló wí. "Wọ́n ní kí n lọ wá òmíràn rà ní Alábà."

Mo ní kó fi owó rẹ̀ sápò ná. Flyback ni tíráńsífọ́mà tó ń ṣe fólítì gíga tí túùbù ń lò. Èyí tí wáyà inú rẹ̀ bá ti kan ara wọn kì í yan ìgbà tí yóò ṣàìsàn. DOS gan-an kò ní ṣí. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbì kan, tó wá ń kú níbòmíràn, ti ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún, bí a bá lè ka nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe é kọ nípa rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwa tí à ń tún mọ́nítọ̀ ṣe kì í wo spec rẹ̀ rárá, bíi pé ẹni tó fẹ́ rà á nìkan ló wà fún. Ó dùn mí, nítorí flyback tó dára ni wọ́n ń yọ dànù lójoojúmọ́.

Ohun tó wà nínú ìwé

Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn kò sọ ju ti iná lọ: 100–240 V, 50/60 Hz. Mo fi nọ́ńbà mọ́dẹ́lì ibẹ̀ wá ìwé rẹ̀ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ínǹṣì 17 ni, ṣùgbọ́n 16 ni ojú ń rí, nítorí etí gíláàsì wà lábẹ́ ike. Dot pitch rẹ̀, ìyẹn àlàfo àárín àmì aláwọ̀ kan náà méjì lójú túùbù, jẹ́ 0.28 mm. Ìlà, 30 sí 70 kHz. Ojú, 50 sí 120 Hz. Bandwidth, ìyẹn bí àmì àwòrán tó ń wọlé ṣe lè yára tó, 110 MHz. Ìwọ̀n tó ga jù, 1280×1024 ní 60 Hz.

Ẹni tó ń ra mọ́nítọ̀, ìwọ̀n tó ga jù ló ń wò. Èmi, ìlà ni mo kọ́kọ́ ń wò, ìyẹn 30 sí 70 kHz, nítorí inú rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ti ń jáde.

Nínú túùbù, ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fa ìlà láti òsì sí ọ̀tún, á sáré padà, á fa òmíràn sábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé ìsàlẹ̀, kó tó fò padà sókè. kHz yẹn ni iye ìlà tó ń fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: 70 kHz jẹ́ ìlà 70,000. Hz kejì ni iye ìgbà tó ń kun gbogbo ojú láti òkè délẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Ní 1024×768, ìlà 768 ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n káàdì kọ̀ǹpútà ń rán jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìtànṣán nílò àyè láti ti ìsàlẹ̀ padà dé òkè. Ní 85 Hz, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 808. Ẹ fi 85 sọ 808 di púpọ̀, ẹ óò rí 68,680. 68.7 kHz nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó kan òkè àjà.

Ẹ wá wo ti DOS. VGA, ìlànà àwòrán kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní 1987, ń fa ìlà 525 fún 640×480, ní nǹkan bí 60 Hz, 31.5 kHz ni. Géèmù tó ń lo 320×200, ìlà kọ̀ọ̀kan ni káàdì VGA ń fà lẹ́ẹ̀mejì, ó di 400. Tí a bá fi àyè ìpadà kún un, ó di 449, ní 70 Hz. Ìṣirò náà tún bọ́ sí nǹkan bí 31.5 kHz. Nítorí náà gbogbo DOS tí ọmọkùnrin yìí ń ṣí, ìsàlẹ̀ ilé ni mọ́nítọ̀ rẹ̀ ń gbé. Kò tíì gun àtẹ̀gùn kankan.

Ìdánwò tí kò gba irinṣẹ́

Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀. 1024×768 ní 60 Hz, tó jẹ́ 48.4 kHz: ó kún ojú, kò ṣe nǹkan kan. 800×600 ní 85 Hz, 53.7 kHz: ó dára. 1024×768 ní 75 Hz, 60 kHz: ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sún wọlé, ṣùgbọ́n kò kú. 1280×1024 ní 60 Hz, 64 kHz: ó sún wọlé gan-an, ó sì kú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ní 68.7 kHz, kò jẹ́ kí n mí kó tó pa.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. 85 Hz kọ́ ló ń pa á, nítorí ó gba 85 Hz ní 800×600. 1024×768 náà kọ́, torí ó gbà á ní 60 Hz. Ẹni tó bá ń wo ìwọ̀n àwòrán nìkan, orí rẹ̀ á dàrú, á sọ pé mọ́nítọ̀ yìí ní ẹ̀mí òkùnkùn. Ẹni tó bá ń wo ìlà rí i pé ohun gbogbo tó wà lábẹ́ 55 kHz dára, ohun gbogbo láti 60 lọ sókè kò dára, bó sì ṣe ń ga ló ń burú sí i.

Mo tún fi àwòrán onígun mẹ́rin kéékèèké kún ojú ní 60 kHz, mo fi rúlà wọn wọ́n. Ti òsì, ti àárín, ti ọ̀tún, fífẹ̀ wọn dọ́gba. Tó bá jẹ́ pé àwọn kapásítọ̀ tó ń tọ́ ìlà sọ́nà ni kò yípadà bí ìlà ṣe ń yára sí i, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ì bá fẹ̀ ju ti àárín lọ. Gbogbo rẹ̀ kúrú bákan náà. Agbára ni kò tó.

Ìdí tí ìlà fi ń béèrè fólítì

Kóìlì tó yí ọrùn túùbù ká, tí à ń pè ní yoke, ló ń ti ìtànṣán láti òsì sí ọ̀tún. Ó fẹ́ kí iná inú rẹ̀ gòkè láti ibì kan dé ibì kan pàtó kí ìlà tó lè kún ojú. Ní 31.5 kHz, ìlà kan, pẹ̀lú ìpadà rẹ̀, ní nǹkan bí maikirosẹ́kọ́ọ̀ńdì 31.8. Ní 68.7 kHz, 14.6 péré ló kù. Ọ̀nà kò kúrú, àkókò ló dínkù. Danfo tó gbọ́dọ̀ dé Ọbáléndé láti Ojúẹlẹ́gba ní ìdajì àkókò tó máa ń lò gbọ́dọ̀ tẹná sí i. Iná tí mọ́nítọ̀ ń tẹ̀ ni fólítì tí à ń pè ní B+, tó ń wọ inú tíráńsítọ̀ ìlà. Nínú tẹlifíṣọ̀n, B+ dúró lójú kan, nítorí ìlà tẹlifíṣọ̀n kì í yí padà. Nínú mọ́nítọ̀ tó ń gba ìlà oríṣiríṣi, B+ gbọ́dọ̀ máa gòkè pẹ̀lú ìlà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti tẹlifíṣọ̀n wọ iṣẹ́ mọ́nítọ̀ kò mọ èyí. Wọ́n á wọn B+ ní DOS, wọ́n á bá fólítì 55, wọ́n á ní ó ti lọ sílẹ̀ jù.

Kí a tó ṣí i, mo jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi wo bí a ṣe ń tú iná inú túùbù. Ife rọ́bà tó wà lórí rẹ̀, nǹkan bí fólítì 25,000 ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí mọ́nítọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, gíláàsì náà sì lè dì í mú lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Mo de wáyà mọ́ skúrúdíráfà, mo so ẹnu wáyà kejì mọ́ okùn irin tó tẹ́ sẹ́yìn túùbù, kì í ṣe mọ́ bọ́ọ̀dù, mo wá ki orí skúrúdíráfà sábẹ́ rọ́bà náà. Ó ta páú.

"Ọ̀gá, mo rò pé ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀?"

"Mo ti yọ ọ́. Ohun tí o gbọ́ yẹn ni ìdí tí mo fi ní kó o má fi ọwọ́ kan nǹkan kan."

Kapásítọ̀ ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà iná náà ní ti ẹ̀. Iná ìjọba 240 tó bá gba ibẹ̀ kọjá á di nǹkan bí 340, á sì dúró síbẹ̀. Ọrùn túùbù ni nǹkan kẹta tí mo máa ń tẹnu mọ́: gíláàsì ibẹ̀ tín-ín-rín, ohun tó bá kàn án lójijì lè ṣẹ́ ẹ, túùbù tí afẹ́fẹ́ bá ti wọ̀ kò ní àtúnṣe.

Mo so mítà mọ́ ẹsẹ̀ B+ kí n tó tan iná, kí ọwọ́ má baà sí níbẹ̀ rárá. Ní 31.5 kHz mo bá 55 V. Ní 48.4, 84. Bí a bá ń bá ìṣirò lọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 105 ní 60 kHz, kí ó sì súnmọ́ 120 ní 68.7. Ohun tí mítà sọ ní 60 kHz ni 96. Ní 68.7, ó gbìyànjú, ó kan 98, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó sókè sódò, bọ́ọ̀dù sì pa ara rẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀.

Mi ò wá nǹkan mìíràn mọ́. Iṣẹ́ kù sí ibi tí B+ ti ń gòkè, ibẹ̀ kò sì ju tíráńsítọ̀ kan, kóìlì kan, dáyóòdù kan àti kapásítọ̀ kan lọ.

Kapásítọ̀ náà

47 µF, 160 V, ó dúró ti irin tó ń gba ooru tíráńsítọ̀ ìlà, kò jìn sí i ju ìbú ìka kan lọ. Orí rẹ̀ kò wú. Ẹni tó bá ń fi ojú wá kapásítọ̀ tó ti bàjẹ́ á fò ó kọjá. Mo yọ ọ́, mo fi mítà lásán wọ̀n ọ́n, ó ní 41 µF. Ìyẹn náà lè tan èèyàn. Mítà ESR ló sọ òótọ́: ìdènà inú rẹ̀ ti lé ní ohm 6, bẹ́ẹ̀ tuntun irú rẹ̀ kò tó 1. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti wọlé, ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú yí ká. Ooru ti ń gbẹ omi inú rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Tí ìlà bá lọ́ra, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ó ń forí tì í. Tí ìlà bá yára, ó gbọ́dọ̀ máa gbà kó máa fún ní kánmọ́-kánmọ́, ohm 6 yẹn á sì jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo mú mítà ESR dání lọ sí ọjà, mo sì bẹ ẹni tó wà lẹ́yìn ìṣọ̀ kó jẹ́ kí n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó. Kapásítọ̀ tí wọ́n wọ aṣọ tuntun fún pọ̀ lọ́jà. Nọ́ńbà tí mo ń wá kì í ṣe 47 nìkan: 105°C gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kì í ṣe 85°C, torí ibi tó ń gbé. Fólítì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí 160. Ẹni tó bá fi ti 100 V síbẹ̀ nítorí pé ó bá 55 lórí mítà ní DOS, ọjọ́ tí oníbàárà bá wọ 85 Hz ni yóò bú.

Níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀dù ti wà lẹ́yìn, mo tún fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ flyback, ti tíráńsífọ́mà kékeré tó ń ti tíráńsítọ̀ ìlà, àti ibi tí yoke ti wọ bọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ mélòó kan ti ní òrùka tín-ín-rín yí ká níbi tí lẹ́ẹ̀dì ti là.

Mo tan án. 55. 84. Ní 60 kHz, 105. Ní 68.7, 119 tó ń fẹ́ dé 120, kò mì. Ojú kún dé etí. Flyback tó fẹ́ lọ rà ní Alábà ṣì wà níbẹ̀, ohun tí mo ṣe fún un kò ju pé mo yí bọ́tìnì òkè rẹ̀ díẹ̀ kí lẹ́tà lè mú.

Igun òsì òkè ní àwọ̀ osùn díẹ̀, nítorí sípíkà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Mo gbé sípíkà kúrò, mo tẹ degauss, bọ́tìnì tó ń pa agbára òòfà rẹ́ lára túùbù, ó ké gbùù, àwọ̀ náà pòórá. Kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ lemọ́lemọ́; ohun tó ń gé iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù kó tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èyí tó ga jù kì í ṣe èyí tó dára jù

Nígbà tó wá gbé e, ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè wá lò ó ní 1280×1024 báyìí?"

Ó lè ṣí i. Mo ní kó má lò ó. Dot pitch 0.28 yẹn, ìgẹ̀rẹ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, láti àmì pupa kan sí pupa tó súnmọ́ ọn jù. Tí a bá wọ̀n ọ́n ní òsì sí ọ̀tún, ó jẹ́ nǹkan bí 0.24 mm. Àwòrán tó kún ojú yìí fẹ̀ tó 320 mm, nítorí náà àmì bí 1,330 ló lè wà ní ìbú rẹ̀. Ẹ fẹ́ kó 1,280 síbẹ̀, tí ìtànṣán fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ ju àmì kan lọ. Lẹ́tà á rí bí ìgbà tí ojú ń ṣe ẹni. 108 MHz ni 1280×1024 ní 60 Hz ń béèrè, 110 ni bandwidth rẹ̀; kò ku nǹkan kan. 60 Hz á máa ṣẹ́jú sí i lójú, pàápàá lábẹ́ iná ọ̀pá. Àti pé 1280×1024 kì í ṣe ìwọ̀n 4:3 tí túùbù yìí ní, 5:4 ni. Òbìrí á di pẹlẹbẹ. 1280×960 ló bá túùbù mu. Ní 1024×768 ní 85 Hz, 94.5 MHz ló ń béèrè, àmì sì wà tó láti gba gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni mọ́nítọ̀ yìí ti lẹ́wà jù lọ.

Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ irú èyí lónìí tún ní ohun méjì láti wò. Ínǹṣì 14 àtijọ́ tí wọ́n kọ 1024×768 sí lára lè jẹ́ pé ìlà rẹ̀ kò ju 35.5 kHz lọ: kì í fa gbogbo ìlà tẹ̀ léra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, á fa ìdajì lákọ̀ọ́kọ́, á padà wá fa ìdajì kejì, ojú á sì máa gbọ̀n. Kí ó béèrè ìlà, kí ó má béèrè ìwọ̀n. Èkejì, túùbù irú Trinitron, tí Sony bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1968, ní okùn irin tín-ín-rín kan tàbí méjì tó fi òjìji sílẹ̀ ní ìbú ojú. Àwọn kan ń gbé e wá sọ́dọ̀ mi pé gíláàsì ti là. Kò là. Okùn yẹn ló ń di àwọn irin inú rẹ̀ mú kí wọ́n má gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Dot pitch irú rẹ̀, òsì sí ọ̀tún ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà 0.25 tirẹ̀ kò dára ju 0.28 ti mọ́nítọ̀ yìí lọ bí ẹnu ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́.

Igun ọ̀tún ìsàlẹ̀ ṣì ní pupa tó yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà funfun. Mo fi í sílẹ̀. Òrùka ọrùn túùbù, àárín ló ń tọ́. Igun gba pé kí n ṣí gọ́ọ̀mù tó di yoke mú, mi ò sì lè fi ojú tó mọ́ báyìí dán irú ìyẹn wò nítorí igun kan tí géèmù DOS kì í dé. Mo lẹ tépù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀: DOS, 31.5 kHz, 800×600 ní 85 Hz, 53.7, 1024×768 ní 85 Hz, 68.7; má kọjá 70. Mo tún kọ 47 µF, 160 V, 105°C sí abẹ́ rẹ̀, fún ẹni tó bá tún ṣí i.